"Bẹ́ẹ̀ ni mà, mo ti gbọ́": báwo la ṣe ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ará àdúgbò tí òótọ́ fi ń jáde?

Alábẹ̀wòMushin

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìlera, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ àbẹ̀wò ojúlé ní Mushin la ní ìbéèrè yìí. Fọ́ọ̀mù ń kún, àmọ́ ohun tí à ń kọ sínú rẹ̀ kò bá ohun tí ojú ń rí mu. Bí a bá bi ìyá ọmọ pé "Ṣé ẹ fún un ní síǹkì pé?" (hóró tí ọmọ ń lò fún ìgbẹ́ gbuuru) á ní "Bẹ́ẹ̀ ni mà." Bí a bá ní "Ṣé ẹ lo àgbo?" á ní "Rárá o," bẹ́ẹ̀ ìkòkò àgbo wà lórí sítóòfù. Bí a bá béèrè ìgbà tí ikọ́ bẹ̀rẹ̀, á ní "Ó tó ọjọ́ mẹ́ta." Kí ni ká kọ sílẹ̀ nínú ìyẹn?

Ibi tó yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ló kọ́kọ́ rú wa lójú. Yàrá kan ṣoṣo ni púpọ̀ nínú ilé tí à ń wọ̀, ìyá ọkọ wà níbẹ̀, aládùúgbò dúró sẹ́nu ọ̀nà. Lẹ́yìn ìyẹn ni ti oògùn àti àgbo, bí a ṣe máa béèrè wọn tí kò fi ní dà bí ìwádìí ọlọ́pàá. Ìkẹta ni ọjọ́ àti iye. Wọ́n kọ́ wa pé ká béèrè ìbéèrè tí ènìyàn lè fi gbogbo ẹnu dáhùn, ṣùgbọ́n bí a bá ti béèrè bẹ́ẹ̀ tán, ìtàn ọdún mẹ́wàá ló ń jáde, ilé mẹ́jọ sì kù níwájú. Ẹ jọ̀ọ́, ohun tó ṣe é lò la fẹ́.

---

Nọ́ọ̀sìÀgbàYaba

Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ìkíni, torí ibẹ̀ ni ìdajì ìṣòro yìí wà.

Láàárín àwa Yorùbá, ìkíni àti ìbéèrè ìlera jọra wọn púpọ̀. "Ṣé àlàáfíà ni? Ara ńkọ́? Ọmọ ńkọ́?" Ìdáhùn wọn ti wà nílẹ̀ ká tó béèrè: "A dúpẹ́." Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ti ń ṣu omi láti àná á ṣì sọ pé "A dúpẹ́." Kò parọ́, ìkíni ló dáhùn. Òṣìṣẹ́ tó bá ki ìbéèrè iṣẹ́ bọ àárín ìkíni, ìdáhùn ìkíni ni yóò gbà, yóò sì kọ ọ́ sí fọ́ọ̀mù bí ẹni pé ọ̀rọ̀ àìsàn ni.

Nítorí náà, ẹ kí wọn tán pátápátá. Ẹ kú ilé, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ẹ kú ewu fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ẹ má kánjú. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ jókòó, ẹ jókòó, kó má di pé ẹ̀ ń wò wọ́n látòkè. Ẹ sọ orúkọ yín, ibi tí ẹ ti wá, bí ọ̀rọ̀ ṣe máa pẹ́ tó (ogún ìṣẹ́jú tó fún àbẹ̀wò àkọ́kọ́), ohun tí ẹ máa kọ sílẹ̀ àti ẹni tó máa rí i. Ẹ sọ fún wọn pé wọ́n lè ní àwọn ò fẹ́ dáhùn ìbéèrè kan, kò sì ní dí ìtọ́jú wọn lọ́wọ́. Ẹ gba àṣẹ. Ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ wá fi gbólóhùn kan pààlà: "Ẹ ṣeun. Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá sọ ti ara ọmọ yìí gan-an. Kí lẹ kọ́kọ́ rí tí ọkàn yín ò fi balẹ̀?"

"Kí lẹ kọ́kọ́ rí?" ló máa gbà yín lọ́wọ́ ìtàn ọdún mẹ́wàá. Ìyá á sọ tẹnu rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti mọ ibi tó máa ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi "Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́?" tì í lẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú méjì kẹ́ ẹ má já lù ú. Tó bá dákẹ́, ẹ ka eení, eéjì títí dé àrún nínú ọkàn yín kẹ́ ẹ tó lanu. Ohun tó wúwo jù lọ sábà máa ń jáde lẹ́yìn irú ìdákẹ́ yẹn. Tí ọ̀rọ̀ bá fẹ́ gba ibòmíràn lọ, ẹ fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ fà á padà: "Ẹ ní ara rẹ̀ gbóná lálẹ́ ọjọ́ Ajé, ó sì bì. Ẹ jẹ́ ká dúró lórí èébì yẹn díẹ̀." Inú kì í bí ènìyàn tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ bó ṣe sọ ọ́.

Ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ní ipò tirẹ̀ o. A kì í dúró de ìtàn fún àmì ewu lára ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún: kò lè mu nǹkan tàbí fa ọyàn mọ́, gbogbo ohun tó mu ló ń bì, gìrì mú un nínú àìsàn yìí, tàbí ó ń sùn lọ ṣáá tí kò ṣe é jí. Bí ọ̀kan péré bá ti wà, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀, ẹ pa fọ́ọ̀mù dé. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìyá kò ní fẹnu ara rẹ̀ pe gìrì, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́" ni yóò sọ, òṣìṣẹ́ á sì kọ "kò sí." Ohun tí ojú lè rí ni kẹ́ ẹ béèrè: "Láti ìgbà tí ara rẹ̀ ò ti yá, ṣé ojú rẹ̀ yí sókè rí? Ṣé ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ le, tó ń gbọ̀n?"

Èyí tí ẹ bá sì lè fojú rí, ẹ má fẹnu béèrè rẹ̀. "Ẹ fún un lọ́yàn kí n wò ó" dára ju "Ṣé ó ń mu ọyàn?" lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni èémí: ẹ kà á fún ìṣẹ́jú kan gbáko, kí ọmọ má máa ké, kó má sì máa mu ọyàn lọ́wọ́. Fún ọmọ oṣù 2 sí oṣù 11, bó bá tó 50, ó ti yá jù. Fún ọmọ ọdún kan títí di ìgbà tó bá kù díẹ̀ kó pé ọdún 5, 40 ni. Ẹ tètè kà á nígbà tí ọmọ ṣì dákẹ́ lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ̀. Tó bá bẹ̀rẹ̀ ẹkún, ẹ máa dúró pẹ́.

---

ỌmọÈbúteMẹ́ta

Ti oògùn àti àgbo ni mo fẹ́ fi kún un.

"Ṣé ẹ lo àgbo?" Ẹ̀sùn ni létí ẹni tó ń gbọ́ ọ, pàápàá lẹ́nu ẹni tó wọ aṣọ iṣẹ́. Ẹ yọ "ṣé" kúrò níbẹ̀, kẹ́ ẹ fi "kí" rọ́pò rẹ̀: "Kí lẹ ti fún un kí n tó dé?" Ìbéèrè yìí ti gbà tẹ́lẹ̀ pé abiyamọ kì í káwọ́ gbera wo ọmọ tí ara rẹ̀ ò yá. Ohunkóhun tó bá dárúkọ, ẹ ní "Ẹ ṣeun. Kí ló tún kù?" títí yóò fi sọ pé ó tán. Parasitamọ́ọ̀ ló sábà máa ń kọ́kọ́ jáde, èyí tí kẹ́míìsì dì pọ̀ sínú ọ̀rá á tẹ̀ lé e, àgbo ló máa gbẹ̀yìn. Ẹni tó bá dúró ní ìdáhùn àkọ́kọ́ kò ní gbọ́ ti àgbo láé.

Tí àgbo bá wá jáde, ojú yín ò gbọ́dọ̀ yí padà. Ẹ béèrè ẹni tó sè é, bóyá omi lásán ni wọ́n fi sè é, omi ògì ni wọ́n fi rẹ ẹ́, tàbí ọtí. Ẹ ní kí wọ́n gbé ife tàbí ṣíbí tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n wá, torí "díẹ̀" lẹ́nu ìyá kan lè jẹ́ ṣíbí ìmuṣúgà, lẹ́nu òmíràn kó jẹ́ ìdajì ife. Ìgbà wo ló mu ún kẹ́yìn? Lẹ́yìn tó mu ún, ṣé ìgbẹ́ rẹ̀ pọ̀ sí i ni àbí ó dínkù? Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn yìí ló ṣe pàtàkì jù, nítorí púpọ̀ nínú àgbo jẹ̀dí, ṣe ló ń mú ni yàgbẹ́. Ọmọ tí inú rẹ̀ ti ń ṣu tẹ́lẹ̀, omi tó kù lára rẹ̀ ló ń bá a lọ. Ẹ jẹ́ kí ìyá fúnra rẹ̀ so ó pọ̀ lẹ́nu ara rẹ̀, ó máa ń wọlé ju ìwàásù lọ. Èyí tí wọ́n fi ọtí rẹ ni kẹ́ ẹ sọ gbangba pé kò yẹ ọmọdé, kò yẹ aláboyún.

Ti oògùn hóró, ẹ má béèrè bóyá wọ́n lò ó. "Ẹ bá mi kó gbogbo oògùn rẹ̀ wá ká jọ wò ó." Síǹkì ọmọ tó ti lé ní oṣù 6 jẹ́ hóró 20 mg kan lójúmọ́ fún ọjọ́ 10, tí kò bá tíì pé oṣù 6, ààbọ̀ hóró ni. Ká ní ọjọ́ Ajé ló bẹ̀rẹ̀, tí òní sì jẹ́ ọjọ́ Ẹtì tó ti lo tòní, hóró 5 ló yẹ kó kù nínú 10. Bí 8 bá kù, ẹ má sọ pé "Ẹ ò lò ó." Ẹ ní, "Mo rí i pé mẹ́jọ ló kù. Kí ló jẹ́ kó nira?" Ohun tó ń jáde níbẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà, ìtọ́jú wọn kò sì dọ́gba. Ẹlòmíràn rò pé ìgbẹ́ tó ti dúró ni òpin oògùn, ó wá tọ́jú ìyókù de ìgbà mìíràn. Ẹ ṣàlàyé pé síǹkì ṣì ń tún inú ṣe lẹ́yìn tí ìgbẹ́ bá dúró. Ọmọ ẹlòmíràn ń pọ̀ ọ́ nítorí ìtọ́wò rẹ̀. Ẹ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi omi ọyàn tàbí omi tó mọ́ yọ́ ọ sínú ṣíbí, tó bá sì bì í kí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó pé, kó fún un ní òmíràn. Ẹlòmíràn pín in fún ọmọ méjì. Owó nìyẹn, kì í ṣe àìmọ̀kan.

ORS, ìyẹn ìyẹ̀fun iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń pò mọ́ omi fún ọmọ tó ń ṣu gbuuru, òun ńkọ́? "Ẹ po ó kí n rí i." Ẹ ka ẹ̀yìn ọ̀rá náà pọ̀; èyí tó wọ́pọ̀, lítà omi kan ni wọ́n kọ sí i. Ọ̀rá omi píọ̀ wọ́tà tí wọ́n kọ 50cl sí lára, méjì ló pé lítà kan, ìyẹn sì ń gba ìyá tí kò ní jọ́ọ̀gì là. Àṣìṣe tí ẹ máa rí ni kí wọ́n da ìdajì ọ̀rá ORS sínú ife omi kan, kó wá ki jù, iyọ̀ á pọ̀ lára ọmọ. Tàbí kí wọ́n sè é lẹ́yìn tí wọ́n pò ó. Tàbí kí ti àná ṣì wà nínú ìgò. Kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí 24 lọ.

---

Akọ̀wéÌsàlẹ̀Èkó

"Ó tó ọjọ́ mẹ́ta" kì í ṣe iye ọjọ́ o. Ẹni tí a kò rí láti ọdún méjì la máa ń kí pé "ó tọ́jọ́ mẹ́ta." Ẹ má kọ 3 sílẹ̀.

Wàhálà kejì ni pé bí Yorùbá ṣe ń ka ọjọ́ kì í ṣe bí fọ́ọ̀mù ṣe ń kà á. À ń ka òní mọ́ ọn. Bí òní bá jẹ́ Ọjọ́bọ̀, ìjẹta ni ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìjẹrin ni ọjọ́ Ajé. Fọ́ọ̀mù á ní ọjọ́ méjì àti mẹ́ta. Ẹ wo ìkómọjáde: ọmọ tí wọ́n bí ní Ọjọ́bọ̀, Ọjọ́bọ̀ kejì ni wọ́n ń sọ ọ́ lórúkọ, a sì ń pè é ní ọjọ́ kẹjọ. Nítorí náà, ẹ má kọ iye. Orúkọ ọjọ́ àti déètì ni kẹ́ ẹ kọ, kẹ́ ẹ fúnra yín wá ṣírò.

Fún èyí tó bá ti pẹ́, ẹ fi ohun tí gbogbo ilé ń rántí ṣe òpó. "Ikọ́ yìí, ṣé ó ti wà kí Iléyá tó dé? Nígbà tí àwọn ọmọ wọlé ẹ̀kọ́ ńkọ́? Jímọ̀ tó kọjá, ṣé ó lè lọ sí mọ́ṣáláṣí?" Ẹ sún mọ́ ọn láti ìhà méjèèjì títí ẹ ó fi há a mọ́ ọ̀sẹ̀ kan. Ọjọ́ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé lásán. Ikọ́ tó bá ti pé ọ̀sẹ̀ 2, àyẹ̀wò kẹ̀lẹ̀bẹ̀ fún ikọ́ ife ló kàn, ọ̀fẹ́ sì ni àyẹ̀wò àti oògùn rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ìjọba. Ìgbẹ́ gbuuru tó bá ti pé ọjọ́ 14, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀, kì í ṣe ti ORS nílé nìkan mọ́. "Ọjọ́ mẹ́ta" tí a kọ láìwádìí lè mú kí ẹni tó ní ikọ́ ife máa bá ọmọ mẹ́fà sùn nínú yàrá kan fún oṣù mìíràn.

Ẹ tún ṣọ́ra fún orúkọ àìsàn. "Ibà" lẹ́nu ẹnì kan ni ara gbígbóná, lẹ́nu ẹlòmíràn àárẹ̀ lásán ni. "Òtútù ń mú un" lè jẹ́ gbígbọ̀n, ó lè jẹ́ kàtá, ó lè jẹ́ òtútù àyà. "Inú rírun" obìnrin lè jẹ́ ilé ọmọ. Ẹ ní, "Tí ó bá ń ṣe é, báwo ló ṣe máa ń rí? Ẹ fi ọwọ́ kan ibẹ̀ hàn mí."

Ti abẹ́rẹ́ àjẹsára, kádì ni kẹ́ ẹ béèrè, ẹ má gba ẹ̀rí ẹnu. Bí kádì bá sọnù, ẹ wo àpá abẹ́rẹ́ ọjọ́ ìbí lápá òsì, kẹ́ ẹ bi wọ́n ìgbà mélòó ni wọ́n ti gún un ní itan, torí itan ni wọ́n ń gún ti ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14.

---

Ẹlẹ́ríMakoko

Ẹnikẹ́ni ò tíì dáhùn ti ìyá ọkọ.

Ẹ má lé e jáde. Ẹ kọ́kọ́ bá òun sọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ kúnlẹ̀ kí i, kẹ́ ẹ béèrè ohun tó ti rí lára ọmọ. Ó sábà mọ ohun tí ìyàwó kò mọ̀. Lẹ́yìn náà, àyẹ̀wò ara ni ìdí tí gbogbo ilé máa ń gbà: "Mà, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ yẹ ara wọn wò, ó gba kọ̀rọ̀ díẹ̀." Nínú ilé face-me-I-face-you, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kì í ṣe kọ̀rọ̀, gbogbo yàrá ló ń gbọ́. Ẹ̀yìnkùlé lẹ́bàá ibi tí wọ́n ti ń fọṣọ sàn jù, ariwo omi á bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ̀yin àti obìnrin náà ti fi ẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ àrọ́pò: "Tí ẹnikẹ́ni bá yọ, ọ̀rọ̀ ọwọ́ fífọ̀ là ń sọ." Ìfètò-sọ́mọ-bíbí, àyẹ̀wò HIV, oyún tó bàjẹ́, ọkọ tó ń na ìyàwó, ẹ má béèrè ọ̀kankan nínú wọn níṣojú ẹlòmíràn, bó ti wù kí fọ́ọ̀mù fẹ́ ẹ tó. Ẹ fi àlàfo sílẹ̀, kẹ́ ẹ padà wá. Ìbéèrè kan tí ọkọ tàbí ìyá ọkọ gbọ́ lè di ìjà lálẹ́ ọjọ́ náà.

A kì í ka ọmọ fọ́lọ́mọ. "Ọmọ mélòó lẹ bí?" yóò mú "Ọlọ́run ló mọ̀" wá, yóò sì fi àwọn tó ti kú sílẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ sọ ìdí rẹ̀: "Kí n lè mọ irú ìtọ́jú tó yẹ oyún yìí ni mo ṣe fẹ́ béèrè." Lẹ́yìn náà: "Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ti lóyún, títí kan èyí tí kò dúró? Ṣé ẹ ní èyí tó ń gbé lọ́dọ̀ ẹlòmíràn? Ṣé ẹ ti pàdánù ọmọ rí?" Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ kí i kú àmúmọ́ra, kẹ́ ẹ gbé bírò sílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó ya lẹ́yìn ìbímọ, iṣẹ́ abẹ, ọmọ tó kú sínú, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jáde, àwọn ló sì ń sọ bóyá ilé ìwòsàn ńlá ló yẹ kó bímọ sí.

Ní ìhà ọ̀dọ̀ wa tí Ègùn pọ̀, ẹ má fi ọmọdé ṣe ògbufọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá kò lè bi ìyá rẹ̀ léèrè nǹkan oṣù. Àgbàlagbà obìnrin tí kì í ṣe aládùúgbò ni kẹ́ ẹ wá, kẹ́ ẹ bá a sọ ọ́ kẹ́ ẹ tó wọlé: kó túmọ̀ gbogbo rẹ̀, kó má fi tirẹ̀ kún un, kó má sì gbé e jáde. Ìyá ni kẹ́ ẹ máa wò bí ẹ ti ń sọ̀rọ̀, ẹ má wo ògbufọ̀. Ohun kan ṣoṣo nínú gbólóhùn kan. Tí ìyá bá sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú méjì tí ògbufọ̀ wá ní "Ó ní rárá," ẹ ní kó tún un sọ.

---

Alábẹ̀wòMushin

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Ẹ dákun, méjì péré ló kù. Ṣé bí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ la ó máa kọ ọ́ ni, àbí lẹ́yìn tí wọ́n bá parí? Àti àgbàlagbà tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, tó ń tajà, tó ní òun ń lo oògùn ṣùgbọ́n tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò wálẹ̀?

---

Nọ́ọ̀sìÀgbàYaba

Déètì, iye àti orúkọ oògùn, ẹ kọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n sì lè rí ohun tí ẹ̀ ń kọ. Ìtàn, ẹ gbọ́ ọ tán ná. Kẹ́ ẹ tó dìde, ẹ kà á padà fún wọn: "Ohun tí mo gbọ́ nìyí. Kí ni mo fò, kí ni mo ṣì gbọ́?" Ẹ má béèrè pé "Ṣé ó yé yín?" torí "Ó yé mi mà" ló máa jáde. "Ẹ bá mi sọ ohun tí ẹ máa ṣe fún un lálẹ́ òní" ni kẹ́ ẹ sọ. Ibi tó bá ti fò nǹkan, ẹ gbà pé àlàyé yín ló kù díẹ̀ káàtó, kẹ́ ẹ tún un ṣe.

---

Ọ̀dọ̀Ọlọ́jàÌdúmọ̀tà

Ti ẹ̀jẹ̀ ríru: ẹ má jẹ́ kí ìbéèrè àti wíwọ̀n pàdé. Ọ̀rọ̀ sísọ máa ń gbé e sókè. Kó jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5, kó fẹ̀yìn ti nǹkan, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kan ilẹ̀, kí apá rẹ̀ wà lórí tábìlì ní ọ̀gangan àyà, kí ẹ̀yin náà dákẹ́. Ẹ lọ ní òwúrọ̀ kí oníbàárà tó kún ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó ń wo ojú ọ̀nà de oníbàárà kò lè jókòó jẹ́ẹ́.

Lẹ́yìn náà ni kẹ́ ẹ béèrè, kì í ṣe "Ṣé ẹ ń lo oògùn yín?" bí kò ṣe "Oògùn ojoojúmọ́ kò rọrùn fún ẹnikẹ́ni. Láàárín ọjọ́ méje tó kọjá, ọjọ́ mélòó ni kò ṣe é ṣe?" Á dá yín lóhùn pé mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ẹ béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ láwọn ọjọ́ yẹn gan-an. Nínú ọjà, ìdí kan wà tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ kì í béèrè: irú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan máa ń mú ni tọ̀ léraléra, ilé ìyàgbẹ́ sì jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù, owó ni wọ́n sì ń san níbẹ̀. Obìnrin tó bá lò ó láàárọ̀ á máa fi ọjà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin kí ọ̀sán tó pọ́n. Ẹ má yí oògùn tàbí àsìkò rẹ̀ padà fúnra yín. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé tí ẹ fi ń rán an lọ sílé ìwòsàn bó ṣe sọ ọ́ gan-an: "Kì í lò ó lọ́jọ́ ọjà nítorí ìtọ̀." Dókítà tó bá ka gbólóhùn yẹn mọ ohun tó máa ṣe. Tó bá jẹ́ "Aláìsàn kì í gbọ́ràn" lẹ kọ, hóró tó lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n á fún un, kò sì ní lo ìyẹn náà.